Ẹ Jẹ́ Ká Pe Play-off ní Ìjàdù

Bí oṣù Karùn-ún bá ti wọlé, tí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ sópin, etí mi kì í sinmi mọ́. Ẹni tó ń ka ìròyìn eré ìdárayá ní Yorùbá yóò ka ìròyìn rẹ̀ geere títí tí yóò fi kan play-off, ìyẹn àwọn eré tí àwọn ẹgbẹ́ kan ń gbá lẹ́yìn líìgì láti mọ ẹni tí yóò gba àyè kan tó kù láti gòkè sí ìpele òkè, ahọ́n rẹ̀ yóò kọ́, kó sì tó yanjú ara rẹ̀, ó ti sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2025, lẹ́yìn tí Sunderland fi ayò méjì sí ọ̀kan na Sheffield United ní Wembley, mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé Sheffield United ti "já bọ́ nínú ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ." Ọmọkùnrin kan tó jókòó tì mí yíjú sí mi: "Bọ̀dá, ṣé ìpele kẹta ni wọ́n wá ń lọ báyìí?" Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Sheffield United kò lọ síbì kankan. Inú Championship, ìpele kejì tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ náà, ni wọ́n dúró sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ròyìn rẹ̀ ló ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà.

Ìjàdù ni èmi ń pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lórí rẹ̀, títí kan àwọn tó ń fi iṣẹ́ ìròyìn jẹun.

Àwọn kan ní kí á kàn kọ ọ́ ní pleyọ́ọ̀fù, ká sì máa bá tiwa lọ. N kì í bá ẹni tó yá ọ̀rọ̀ jà. Bọ́ọ̀lù, líìgì, gólì, pẹ́nárítì, a yá gbogbo wọn ni, wọ́n sì ti di tiwa pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò gbọ́dọ̀ lè dá rìn. Pleyọ́ọ̀fù kì í rìn, ṣe ló ń tiro. Màmá àgbà tó mọ gólì, tó mọ pẹ́nárítì, tó tilẹ̀ ń bú rẹfirí, kò rí nǹkan kan dì mú nínú pleyọ́ọ̀fù. Àwọn mìíràn wá fi tiwọn burú sí i: wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n túmọ̀ ìdajì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní "eré pípa." Eré pípa! Bí ìgbà tí èèyàn ń pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tó fẹ́ sùn. Èyí kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ "ìdíje ìgbéga" ni mo bọ̀wọ̀ fún díẹ̀, nítorí àwọn yẹn ronú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀gá níí gbé ọmọọṣẹ́ ga. Ìjọba níí fún ọlọ́pàá ní ìgbéga, ó sì lè jẹ́ pé ọlọ́pàá náà ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹgbẹ́ kankan lọ sókè. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń gòkè. Àti pé ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kìíní àti èyí tó ṣe ipò kejì náà gòkè, wọn kò sì gbá play-off kankan. Tó bá jẹ́ pé play-off ni ìdíje ìgbéga, kí wá ni àwọn méjì yẹn ti ń ṣe láti oṣù Kẹjọ?

Àwọn tí líìgì ilé ti mọ́ lára ń pè é ní Super Four, nítorí Super Six ti líìgì Nàìjíríà tí wọ́n gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́ o. Super Six tí wọ́n gbá l'Ékòó lọ́dún 2023, èyí tí Enyimba fi gba ife, gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bá ara wọn gbá, àmì ni wọ́n ń kà. Kò sí àmì nínú play-off.

Ó wá ku kòmẹsẹ̀-ó-yọ, òun sì ni alátakò mi gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ó ní ijó nínú. Ẹni tí kò bá mọ ẹsẹ̀ ijó, kó yọ kúrò lójú agbo! Ó bá FA Cup mu wẹ́kú: ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ kékeré, gbogbo yín ẹ bọ́ sójú agbo lọ́wọ́ òfo, ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó di ilé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbá play-off kò dé lọ́wọ́ òfo. Eré 46 ni wọ́n ti gbá, nínú òjò, nínú yìnyín, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní àwọn ìlú tí ẹlòmíràn kò lè tọ́ka sí lórí àwòrán ilẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ 24, àwọn méjì péré ló ṣáájú ẹni tó ṣe ipò kẹta. Tí ẹni tó jẹ́ ìkẹta nínú 24 kò bá mọ ẹsẹ̀, ta ló wá mọ̀ ọ́n? Bí wọ́n bá sì na ẹgbẹ́ náà, kò yọ kúrò nínú ohunkóhun. Àyè kan ló ń wá, kò rí i gbà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ fojú inú wo Ọ̀ṣọ́dì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èrò ti kún ibùdókọ̀. Dánfó kan dé, àyè mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀. Àwọn méjì tó wà níwájú pátápátá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n jókòó, ẹnikẹ́ni kò bá wọn fà á. Kọ̀ńdọ́ wá figbe ta: "Ó ku ẹnì kan! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ẹni mẹ́rin ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń dúró láti aago mẹ́rin, oòrùn ti sè é jinná. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ látorí afárá ni, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kọ̀ńdọ́ kò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ìjókòó ló ni ín. Àwọn mẹ́ta tó kù kò kú, ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn padà sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ibùdókọ̀ náà ni wọn yóò dúró sí de ọkọ̀ mìíràn, ọkọ̀ náà sì di sáà tó ń bọ̀. Ìjàdù nìyẹn. Wọ́n ń jà, wọ́n ń dù ú, ohun tí wọ́n sì ń dù kò ju ẹyọ kan lọ.

Ìyókù nìyí, bí wọ́n ṣe gbá a ní Championship lọ́dún 2025: ẹni kẹta pẹ̀lú ẹni kẹfà, ẹni kẹrin pẹ̀lú ẹni karùn-ún, nílé lóko, lẹ́yìn náà àwọn méjì tó borí pàdé ní Wembley. Ní League Two, ìpele kẹrin, ẹni kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ wẹ́wẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Ohun tó yẹ kí á mú lọ́wọ́ ni pé gbogbo àmì tí ẹgbẹ́ kan ti kó jọ láti oṣù Kẹjọ kò ju owó ẹnu ọ̀nà lọ. Ó gbà ọ́ láyè láti sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó parí.

Sheffield United mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì 90 ni wọ́n ní lọ́dún 2025 yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àmì méjì kúrò fún wọn nítorí gbèsè tí wọn kò tètè san fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Sunderland ní 76. Àlàfo àmì 14! Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, Tyrese Campbell gbá ayò kan wọlé fún Sheffield United. Wọ́n tún gbá ìkejì wọlé, VAR, fídíò tí rẹfirí fi ń yẹ eré wò, fagi lé e. Títí tó fi ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí eré parí, wọ́n ti fi ìdí le ìjókòó tán. Ibẹ̀ ni Eliezer Mayenda ti dá ayò padà. Nígbà tó di ìṣẹ́jú àfikún, bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́sẹ̀ Tom Watson, ọmọ ọdún 19 tí Sunderland ti tà fún Brighton ṣáájú ọjọ́ náà. Ọmọ tó ti di ẹrù tán! Ó fà á síwájú díẹ̀, ó gbá a láti ẹnu àpótí, ó wọlé. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní ìgbéga, kó wá sọ ẹni tó gbé Sunderland fún mi.

Ọ̀gá kan tí mo kà sí ní ìjàdù dún bí ìwà jàgídíjàgan létí òun, pé kò yẹ ohun tí wọ́n ń fi ìlànà ṣe. Mo ní, ọ̀gá, "dù" tó wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú dupò. Ẹni tó ń dupò gómìnà, àjọ elétò ìdìbò ló ń ṣètò rẹ̀, ó sì ń dù ú síbẹ̀síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní jàgídíjàgan díẹ̀ nínú. Ó yẹ kó ní. Eré àṣekágbá Championship yẹn, owó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó bá borí lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn, owó tẹlifíṣọ̀n Premier League ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí eré kan ṣoṣo mìíràn tí wọ́n ń gbá fún irú owó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Sáà 1986/87 ló bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, tó bá ti di oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kẹsàn-án ti mọ̀ pé ọdún ti tán fún òun. Àwọn alátìlẹyìn ti ń rò ó bóyá kí àwọn fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ra nǹkan mìíràn. Ìjàdù ló jẹ́ kí ẹni kẹsàn-án ṣì máa ka àmì lórí ìka. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ó tún gbóná ju báyìí lọ, nítorí ẹgbẹ́ kan láti ìpele òkè máa ń wà nínú rẹ̀, tí yóò wá jà kí àyè rẹ̀ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1987, Charlton ló wà lókè, Leeds ń gbìyànjú láti yọ wọ́n. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mejì, kò yanjú, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbá ẹ̀kẹta ní Birmingham. Leeds gbá ọ̀kan wọlé nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àfikún. Peter Shirtliff, ọwọ́ ẹ̀yìn tí í ṣe pé ṣíṣọ́ ilé ni iṣẹ́ rẹ̀, gbá méjì sí i kí eré tó parí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Middlesbrough gba àyè mọ́ Chelsea lọ́wọ́, Chelsea já sí ìpele kejì. Ẹ̀yin ọmọ Chelsea tí ẹ kì í jẹ́ ká gbádùn ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, n kò sọ nǹkan kan o.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé náà lè gba ìjókòó, ohun tó sì mú ìrètí wà láàyè ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Kòrónà dá líìgì dúró lọ́dún 2020, ipò kẹjọ ni Wycombe Wanderers wà ní League One, ìpele kẹta. Wọ́n pín àmì oníkálukú sí iye eré tó ti gbá, Wycombe fò dé ipò kẹta. Wọ́n wọnú ìjàdù, wọ́n na Oxford United méjì sí ọ̀kan ní Wembley tí kò sí èrò kankan nínú rẹ̀, Adebayo Akinfenwa, ọmọ wa tí wọ́n bí ní London, gòkè lọ sí Championship ní ẹni ọdún 38, pẹ̀lú ara rẹ̀ tó tó ti ẹni méjì.

Ìrètí náà kì í tètè kú pàápàá. Peterborough fi ayò mẹ́rin sí òdo na Sheffield Wednesday nínú eré àkọ́kọ́ lọ́dún 2023. Wednesday ní àmì 96 nínú líìgì, Peterborough 77. Àwọn kan nínú àwọn alátìlẹyìn Wednesday kò fẹ́ lọ sí Hillsborough, pápá wọn, mọ́ fún eré kejì. Àwọn tó lọ rí ayò kẹrin tí Liam Palmer gbá wọlé nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti kọjá lórí 90, wọ́n rí ayò kan sí ọ̀kan sí i nínú àfikún, wọ́n sì rí pẹ́nárítì gólì-wò-mí-kí-n-gbá-sí-ọ tí Wednesday fi borí. Ẹgbẹ́ kankan kò tíì gba ayò mẹ́rin padà bẹ́ẹ̀ nínú ìjàdù rí. Josh Windass ló wá fi orí kan ti àṣekágbá wọlé sí Barnsley nígbà tí àfikún pàápàá ti fẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ kan náà, Luton gba àyè lọ́wọ́ Coventry pẹ̀lú pẹ́nárítì mẹ́fà sí márùn-ún. Luton tí wọ́n yọ àmì 30 fún ní sáà 2008/09, tí wọ́n já kúrò nínú líìgì pátápátá! Pápá wọn, Kenilworth Road, àárín ilé àwọn ará àdúgbò ni àlejò ń gbà wọ ibẹ̀, yàrá ẹni ẹlẹ́ni wà lókè orí rẹ, aṣọ tí wọ́n sá sí ẹ̀yìnkùlé wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni Manchester City wá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ náà, bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Ẹgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ń jàdù. Eré tó kẹ́yìn ni àṣekágbá ìjàdù. Ẹni tó borí ti jàdù gòkè. Ẹni tí wọ́n nà dúró. Ẹni tí kò jàdù rárá, tí àmì rẹ̀ gbé lọ, ó gòkè tààrà. Ní National League, ìpele karùn-ún, lọ́dún 2023, ẹnì kan ṣoṣo ló lè gòkè tààrà, Wrexham tó ní àmì 111 ló sì gòkè. Notts County ní 107, wọ́n jàdù gòkè pẹ̀lú pẹ́nárítì. Chesterfield tí wọ́n nà dúró, wọ́n sì gòkè tààrà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.