Sọfitíwia fọ́tò orí sẹ́fà ara ẹni

Sọfitíwia fọ́tò orí sẹ́fà ara ẹni ni èyí téèyàn gbé sórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ tiẹ̀, ì báà jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tàbí sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà míì ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀) tó háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí fọ́tò àti fídíò ẹ̀ lè wà níkàáwọ́ òun fúnra ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ túbọ̀ gbòde lẹ́yìn June 1, 2021, tí Google Photos dáwọ́ ààyè ọ̀fẹ́ tí ò lópin tó ti ń fún àwọn èèyàn láti 2015 dúró.

Èyí tórúkọ ẹ̀ ròkè jù lásìkò yìí ni Immich. 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 2024 làwọn tó ń ṣe é dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ FUTO, ó wá di October 2025 kí wọ́n tó gbé version 2.0 jáde pé ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí kó tó dìgbà yẹn, téèyàn bá ṣe update láìka ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lè dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fojú jọ Google Photos gan-an, ó ní áàpù Android àti iPhone tó ń da fọ́tò orí fóònù kọ sórí sẹ́fà fúnra ẹ̀, ó ń dá ojú èèyàn mọ̀, téèyàn bá sì ní òun ń wá ajá tó wà létí omi, á wá a jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan sára fọ́tò náà tẹ́lẹ̀. Gbogbo agbára yìí ń jẹ mẹ́mórì kọ̀ǹpútà (RAM) o, 6GB ni wọ́n ní ó kéré jù.

PhotoPrism, tó wá láti Jámánì, ti wà ṣáájú Immich. Òun náà ń dá ojú mọ̀, àmọ́ kò ní áàpù orí fóònù tiẹ̀, irú áàpù míì bíi PhotoSync làwọn èèyàn fi ń gbé fọ́tò lọ bá a, ìyẹn sì lè sú ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ará ilé máa lò ó. Photoview kàn máa ń fi fódà téèyàn ti tò sílẹ̀ hàn bí wọ́n ṣe wà. Piwigo ti Faransé ti wà láti 2002, èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, ó dáa fẹ́ni tó fẹ́ fi fọ́tò han aráyé. Ẹni tó ti ń lo Nextcloud, ìyẹn sọfitíwia tó ń tọ́jú fáìlì sórí sẹ́fà ẹni, lè fi Memories tó wà fún fọ́tò kún un, ó parí. Ti Ente yàtọ̀: orí fóònù ló ti ń ti fọ́tò pa kó tó dé sẹ́fà, sẹ́fà fúnra ẹ̀ ò lè rí i, torí náà orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó ni ín ló ti ń dá ojú mọ̀.

Ẹwà ojú kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ibi tí sọfitíwia ń kó fọ́tò sí ni, àti ohun tó máa ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí sọfitíwia ọ̀hún bá kú. Téèyàn ò bá yí nǹkan kan padà, inú fódà tórúkọ ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ ni Immich ń kó ohun téèyàn gbé wá sí, àfi téèyàn bá tan storage template kó máa tò wọ́n lọ́dọọdún, lóṣooṣù. Inú dátábéèsì PostgreSQL, ìyẹn ibi tí Immich ń kọ àkọsílẹ̀ sí, ni álúbọ́ọ̀mù àtorúkọ àwọn èèyàn wà. Ẹni tó ṣe backup (ẹ̀dà tó pa mọ́ síbòmíì) fódà fọ́tò nìkan tó gbàgbé dátábéèsì, fọ́tò á padà wá lóòótọ́, àmọ́ gbogbo álúbọ́ọ̀mù tó fi ọ̀pọ̀ òru tò ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí fọ́tò náà ń da èèyàn láàmú. Inú fọ́tò gangan ni Exif, ìyẹn àlàyé tí kámẹ́rà kọ sí i, máa ń wà, òun ló mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á, àmọ́ WhatsApp máa ń yọ ọ́ dànù, tó fi jẹ́ pé lórí Android, orúkọ fáìlì bí IMG-20190814-WA0003.jpg nìkan ló ṣì mọ̀ pé August 14, 2019 ni. PhotoPrism mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ látinú orúkọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ò bá mọ̀ ọ́n lè lo ọjọ́ tí fáìlì dé orí dískì, àwòrán ọdún mẹ́wàá á wá kóra jọ sínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Google Takeout, téèyàn fi ń kó fọ́tò ẹ̀ kúrò ní Google Photos, náà máa ń fi fáìlì JSON kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, inú ẹ̀ ni àtúnṣe ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á wà, sọfitíwia kékeré tó ń jẹ́ immich-go sì wà fẹ́ni tó fẹ́ kó irú ẹ̀ wọ Immich láìsí wàhálà.

Àwọn tó ń lo iPhone tún ní tiwọn. Láti iOS 11 lọ́dún 2017 ni HEIC, irú fáìlì tí iPhone fi ń tọ́jú fọ́tò, ti dé, ọ̀pọ̀ browser ò sì lè ṣí i, torí náà sọfitíwia gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà kékeré míì, èyí tó tún ń gba ààyè lórí dískì. Live Photo jẹ́ fọ́tò àti fídíò kékeré tó ń rìn pọ̀, sọfitíwia tí ò mọ̀ ọ́n á pín wọn sí méjì.

Ní ti ààbò, kò bójú mu kéèyàn ṣí port, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé sẹ́fà, sílẹ̀ gbayawu, WireGuard tàbí Tailscale, tó ń la ọ̀nà àdáni sáàárín fóònù àti sẹ́fà, ló dáa jù. RAID, ìyẹn kí dískì bíi mélòó kan máa ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, kì í ṣe backup, torí fọ́tò téèyàn bá ṣèèṣì pa rẹ́ á pa rẹ́ lórí gbogbo dískì lẹ́ẹ̀kan náà. Kéèyàn tó kó 40,000 fọ́tò wọlé, kó kọ́kọ́ fi 200 dán an wò, kó ṣe álúbọ́ọ̀mù kan, kó sọ ojú méjì lórúkọ, kó ṣe backup, kó wá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kó sì wò ó bóyá á lè kó o padà bó ṣe wà.