Ẹ̀rọ ìgégi àlòkù tó jí kíá kò ní kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má ti bàjẹ́

Ká fa okùn ẹ̀rọ ìgégi àlòkù lẹ́ẹ̀mejì, kó bú ramúramù, ọ̀pọ̀ wa á ti ki ọwọ́ bọ àpò. "Ẹ́ńjìnnì yìí le!" Èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó jí. Ìtì igi kẹta ni mo ń gé lọ́wọ́ tí ohùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ló bá kú. Àfi ìgbà tó tutù pátápátá kó tó tún gbà láti jí. Ìgbà tí mo tú sàlẹ́ńsà ni mo tó rí ohun tí mo rà.

Ẹ́ńjìnnì yìí kì í ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ bẹntiróòlù nìkan ló ń mú inú rẹ̀ yọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, ìdá kan ọ́ìlì sí 50 bẹntiróòlù ni, ìyẹn mìlílítà 20 sí lítà kan. Bí ẹnì kan bá da bẹntiróòlù lásán sí i, tàbí tí atẹ́gùn ń ráyè wọlé níbi tí kò yẹ, písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, á gbóná, á wú, á sì máa ha ara sílíńdà, ihò irin tó ń gbà lọ gbà bọ̀. Ìhà ibi tí èéfín ń gbà jáde ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà, torí ibẹ̀ ló gbóná jù. Síbẹ̀, bó bá tutù, ríìngì, òrùka irin tó yí písítìn ká, ṣì lè di afẹ́fẹ́ mú tó láti jí i. Ìgbà tó bá gbóná tán ni àṣírí máa ń tú.

Àwọn kan máa ń di okùn mú, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rọ̀ dirodiro, wọ́n á máa wò ó bóyá díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ó dáa, ẹ̀rọ tó bá já wálẹ̀ gbì, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n èyí tó rọra sọ̀ lè ti ha nínú.

Sàlẹ́ńsà ni ká tú. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì kó má baà jí mọ́ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì rọra tú àwọn bóòtù rẹ̀. Iná ti yan wọ́n, tí ẹ bá fipá mú wọn, wọ́n á ṣẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí sàlẹ́ńsà bò, kí ẹ wá máa fa okùn díẹ̀díẹ̀. Písítìn tó dára ṣì máa ń ní àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó dùbúlẹ̀ lára rẹ̀, ìyẹn ìlà iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbẹ́ ẹ. Tí ẹ bá rí ìlà tó dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí ológbò ha ògiri, ó ti tán nìyẹn. Ẹ fi igi tín-ínrín tẹ ríìngì: ó yẹ kó máa mì díẹ̀.

Ẹ wo àsẹ́ kékeré ẹnu sàlẹ́ńsà náà. Bí èérí dúdú bá dí i, agbára ẹ̀rọ á lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa bú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ta iná kó sínú ewé gbígbẹ. Àwọn tó ń lu ihò sára sàlẹ́ńsà kí ẹ̀rọ lè lágbára sí i, tí wọn ò tún kábúrétọ̀, ibi tí bẹntiróòlù ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ṣe, ìgbóná tó ń ba písítìn jẹ́ yẹn ni wọ́n ń pè.

Písítìn àti ríìngì ṣeé pààrọ̀. Sílíńdà náà lè yè, bó bá jẹ́ pé irin písítìn tó lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ni. Sáńpépà, bébà tí a fi ń ha irin, á gbé e kúrò. Bí awọ líle tó bo inú rẹ̀ bá ti bó, ẹ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó fà á.

Nínú tèmi, rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ sílíńdà ló là, ìlà kan ṣoṣo, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Písítìn tí mo bá níbẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà. Àmì orí rẹ̀ yàtọ̀. Ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kàn mí, kò wo rọ́bà.