Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú àṣírí háàtì àtáàkì

Ẹni tí àyà ń dùn tó dé ọsibítù, ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya bí iná mànàmáná inú ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe fún un. Bí ECG bá ti fi hàn kedere pé òpó ẹ̀jẹ̀ kan tó ń bọ́ ọkàn ti dí pa, wọn kì í dúró de láàbù mọ́. Wọ́n á lọ ṣí i ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ háàtì àtáàkì ni ECG kì í fi ẹnu rẹ̀ sọ. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò troponin ti ń wúlò.

Troponin jẹ́ purotéènì tó ń bá iṣan ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń sún kì. Oríṣi T àti I tó wà nínú iṣan ọkàn yàtọ̀ sí ti apá àti ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé apá kan nínú ọkàn, iṣan ibẹ̀ á máa kú, troponin rẹ̀ á sì máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Hugo Katus àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Heidelberg, ní Jámánì, gbé àyẹ̀wò troponin T jáde lọ́dún 1989, àmọ́ àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ yẹn ò lè rí èyí tó kéré. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó lè dá a lójú pé kò sí nǹkan.

Àwọn tòde òní ń fi nánógíráàmù wọ̀n ọ́n, ìyẹn gíráàmù kan tí wọ́n pín sọ́nà bílíọ̀nù kan. Kódà wọ́n ń rí troponin nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Nítorí náà, ìbéèrè ti yí padà: kì í ṣe bóyá ó wà, bí kò ṣe pé ó tó mélòó, ṣé ó sì ń lọ sókè?

Ẹ jẹ́ ká mú àyẹ̀wò troponin T ti ilé iṣẹ́ Roche. Nínú 100 ẹni tí ara wọn le, 99 ò kọjá nánógíráàmù 14 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí ti aláìsàn ò bá tó 5, tí ìrora náà sì ti lé ní wákàtí mẹ́ta, tí ECG rẹ̀ dára, háàtì àtáàkì kọ́ ni. Bó bá tó 52, wọ́n á dá a dúró. Ẹni tó bọ́ sáàárín, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹni tó ní àrùn kíndìnrín lè wà ní 40, kó ṣì wà ní 40 lẹ́yìn wákàtí náà. Ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ ní 9, ó di 21. Ẹni ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí gan-an ló ń ba dókítà lẹ́rù.

Ti obìnrin tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú àyẹ̀wò troponin I ti ilé iṣẹ́ Abbott, ààlà obìnrin, ìyẹn iye tó bá kọjá rẹ̀ tí wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù, jẹ́ 16, ti ọkùnrin 34. Nígbà tí wọ́n lo ààlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yìí ní Edinburgh, ní Scotland, nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2015, iye obìnrin tí wọ́n rí háàtì àtáàkì lára wọn fò láti 11 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ọkùnrin kàn kúrò ní 19 sí 21 ni. Ẹ wo iye obìnrin tí wọn ì bá fojú fò dá!

Àmọ́ troponin kì í sọ ohun tó pa iṣan ọkàn lára. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ń gbé e sókè, àkóràn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ náà ń gbé e. Nǹkan sì wà tó lè mú kí àyẹ̀wò fi irọ́ sọ pé ó kéré: biotin, oríṣi fítámì kan tí àwọn èèyàn ń lò kí irun àti èékánná wọn lè dára. Lọ́dún 2017 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá ń béèrè oògùn tí èèyàn ń lò, kó ka ti irun náà mọ́ ọn.