Bí àrùn multiple sclerosis ṣe ń da ìlù ọkàn rú

Ẹni tó lóṣòó ṣa kajú, tó wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á rọ́ lọ sínú ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Ó yẹ kí òòyì kọ́ ọ kó sì ṣubú. Àmọ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ọkàn rẹ̀ ti yára, òpójẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti padà gòkè. Kò rò ó, kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ni multiple sclerosis, àrùn tó ń ba iṣan ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́, lè dà rú. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Lára ògiri òpójẹ̀ ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá, àti lára èyí tó tinú ọkàn jáde, ni àwọn iṣan kan wà (iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀) tó ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ògiri náà. Bó bá ti rọ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà dé ọkàn.

Èyí tó yá jù ni iṣan tí wọ́n ń pè ní vagus. Ọkàn tí ohunkóhun kò dá dúró á máa lù tó nǹkan bí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Vagus ló ń dì í mú tí ti ọ̀pọ̀ wa fi wà láàárín 60 sí 80 nígbà tí a bá sinmi. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní agbègbè Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, mọ bó ṣe rí: ọlọ́kadà kì í yíwọ́ kó tó sáré, bíréékì ló ń tú díẹ̀díẹ̀. Bí èèyàn bá dìde, bíréékì yẹn ni ara kọ́kọ́ ń tú. Ọ̀nà kejì jìn: ó gba inú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó jáde ní ìbámu pẹ̀lú àyà, òun ló sì ń yíwọ́ gan-an, tó tún ń fún òpójẹ̀ pọ̀. Ó máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dé.

Nínú multiple sclerosis, tí dókítà Charcot ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1868, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ń bọ́ ọ̀rá tó wé mọ́ iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Iṣan tó bọ́ sí ìhòòhò ń pẹ́ jíṣẹ́, nígbà míì kì í jẹ́ ẹ rárá. Bí egbò bá bọ́ sí ìdí ọpọlọ tàbí sójú ọ̀nà kejì yẹn, ìlù ọkàn á dàrú. Ọkàn fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn o. Kódà vagus, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jáde kúrò nínú agbárí, kò sí lára ohun tí àrùn yìí ń jẹ. Ibi tí àṣẹ ti ń wá ló bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè yẹ ọkàn wò kí wọ́n sọ pé kò sí nǹkan.

Ìdàrúdàpọ̀ náà kì í rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ti ẹlòmíì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ bó bá dìde: bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 dínkù, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti kọjá ohun tó yẹ. Ti òmíràn, ìfúnpá dúró, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó dìde, ọkàn á fi ìlù 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan yára sí i, àyà á máa lù kìkì. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n ń gun òkè, ọkàn wọn kò yára tó, ó sì ń rẹ̀ wọ́n ju bó ṣe yẹ. Èyí tó fara sin jù ni ti mímí: ó yẹ kí ọkàn yára díẹ̀ bí a bá fa èémí sínú, kó sì falẹ̀ bí a bá tú u. Dókítà lè ní kí aláìsàn mí lẹ́ẹ̀mẹfà péré ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀rọ máa kọ ìlù ọkàn sílẹ̀. Ọkàn tó ń lù gẹ́lẹ́ bí aago, tí kò yí padà pẹ̀lú èémí, kì í ṣe ohun ìyìn.

Ooru ń dá kún un. Uhthoff, dókítà ojú ará Jámánì, ṣàkíyèsí lọ́dún 1890 pé ojú àwọn aláìsàn yìí máa ń ṣú sí i bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ agbára; ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá mọ̀ pé ara tó gbóná ló ń fà á. Iṣan tí kò ní ọ̀rá lára kì í fara da ooru. Àsìkò kajú sì ni oòrùn ń mú jù lọ́dọ̀ wa, kí òjò tó dé. Bí ara bá tutù, ó ń lọ. Kì í ṣe egbò tuntun.

Oògùn àrùn yìí náà lè da ìlù ọkàn rú. Fingolimod, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2010, máa ń mú ọkàn falẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́lò, nítorí náà wọ́n máa ń ṣọ́ ẹni tó lò ó fún wákàtí mẹ́fà.

Láti Ìsánlú dé Kàbà, òòyì àti àyà lílù sábà máa ń jẹ́ ti ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìmu omi tó, ìwọ̀nyẹn ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n kẹ́míìsì àti ọsibítù sábà máa ń wọn ìfúnpá lórí ìjókòó nìkan, àìsàn tó jẹ́ ti ìdìde á sì gba ibẹ̀ kọjá. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n wọn ìfúnpá àti ìlù ọkàn rẹ̀. Kó dìde, kí wọ́n tún un wọ̀n ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rọ kan náà ni.

Omi tó pọ̀, dídìde díẹ̀díẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó fún ẹsẹ̀ mọ́ra ń ran àwọn tí ìfúnpá wọn ń já lọ́wọ́. Wọ́n tún máa ń dámọ̀ràn iyọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi kún iyọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.