Ìdákọ̀ró Tí Wọ́n Ń Jù Kí Ìpàdé Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀nà tí àwọn ará Àríwá Yúróòpù ń gbà darí ilé iṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà ni pé òṣìṣẹ́ ń fi orúkọ pe ọ̀gá rẹ̀, pé ọ̀gá náà ń tò sórí ìlà gba kọfí bí ẹlòmíràn, àti pé kò sí ẹni tó ń jágbe mọ́ ẹnì kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fò dé orí èrò pé ọ̀gá ibẹ̀ kò ní agbára, pé ìdìbò ni wọ́n fi ń yanjú ohun gbogbo. Èrò yìí jìnnà sí òótọ́. Ọ̀gá wà, àṣẹ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àtakò ti gbọ́dọ̀ wáyé tán kí àṣẹ tó jáde. Swídìn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín, nítorí pé Dẹ́nmákì, Nọ́wè àti Fínlándì ní òfin àti àṣà tiwọn tí kò bá ti Swídìn mu délẹ̀délẹ̀.

Orúkọ pípè yẹn pàápàá kì í ṣe àṣà àtayébáyé. Èdè Swídìn ní "du", tó jọ "o" tiwa, ó sì ní "ni", tó jọ "ẹ". Ṣùgbọ́n "ni" wọn kò gbé ọ̀wọ̀ bíi "ẹ" wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á sí ìfojútínrín. Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ní láti máa dárúkọ oyè rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀: "Ṣé Ọ̀gá Àgbà yóò mu kọfí?", nígbà tí Ọ̀gá Àgbà jókòó níwájú rẹ̀ gan-an. Ní 1967, Bror Rexed, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ètò ìlera, kéde fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé "du" ni òun yóò máa pè wọ́n, kí àwọn náà sì máa fi orúkọ pe òun. Àwọn mìíràn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkéde yìí ni gbogbo ènìyàn rántí, kò sì pẹ́ tí ó fi kárí orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń sọ Yorùbá mọ bí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti wúwo tó. Síbẹ̀, Rexed kò torí ìyẹn kúrò lórí àga rẹ̀. Òun náà ló ṣì ń buwọ́ lùwé fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Ibi tí iṣẹ́ gidi wà ni ohun tí wọ́n ń pè ní "förankring", ìyẹn kí ọ̀gá máa bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìpinnu tó jáde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ láti ara orúkọ tí wọ́n ń pe ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi. Ká ní ilé iṣẹ́ kan wà tí ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ méjì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn lójúmọ́, tí ọ̀gá ibẹ̀ wá fẹ́ fi ọ̀wọ́ kẹta kún un kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ lóru. Kò ní pe ìpàdé. Yóò kọ́kọ́ lọ bá fóòmàn nídìí "fika", ìyẹn ìsinmi kọfí àárọ̀ tàbí ti ọ̀sán, tí wọ́n sábà máa ń jẹ búrẹ́dì aládùn kékeré kan mọ́, yóò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ronú sókè pé bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ máa yí lóru. Fóòmàn yóò mu kọfí rẹ̀ díẹ̀, yóò wá béèrè ìgbà tí wọn yóò máa rí ẹ̀rọ nù, nítorí òru ni wọ́n ń nù ún. Ọ̀gá yóò padà lọ ṣírò. Ní ọjọ́ kejì, yóò bá ẹni tó ń tọ́jú ibi ìkẹ́rù-sí pàdé, ẹni náà yóò sì rán an létí pé ọkọ̀ akẹ́rù kì í wá lóru, pé ẹrù tí wọ́n bá ṣe kò ní rí ibi gbà. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀ yóò fẹ́ mọ ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ àwọn tó bá ń ṣiṣẹ́ òru, àti iye tí wọn yóò fi lé owó wọn. Nígbà tí ọ̀gá bá fi padà dé ọ̀dọ̀ fóòmàn lẹ́ẹ̀kẹta, ètò náà ti yàtọ̀: òru mẹ́rin péré lọ́sẹ̀, ọjọ́ karùn-ún sì wà fún ẹ̀rọ nínù. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé á tó wáyé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì tó o. Àlejò tó bá wà níbẹ̀ yóò rò pé àwọn ènìyàn yìí kì í jiyàn.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi mọ̀ pé ìwúwo ìdákọ̀ró nìkan kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ìkọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrẹ̀, okùn ló sì ń jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Bí omi bá jìn ní mítà 5, tí atukọ̀ sì tú okùn mítà 5 géérégé sílẹ̀, ìgbì àkọ́kọ́ tó bá gbé ọkọ̀ sókè ni yóò fa ìdákọ̀ró tu. Okùn náà gbọ́dọ̀ gùn ju jíjìn omi lọ ní ìlọ́po bíi márùn-ún, kí ó lè máa fa ìkọ́ láti ẹ̀gbẹ́, kí ìkọ́ sì túbọ̀ máa wọlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń le sí i. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá fi ń rìn kiri yẹn ni okùn, ẹni tó bá sì kà á sí àkókò tó ṣòfò kò tíì rí ìjì. Níbi tí omi kò bá jìn, okùn kúkúrú ti tó. Ọgbọ́n tí Jan Wallander lò nìyẹn nígbà tó di olórí báńkì Handelsbanken ní 1970: ó pa ètò ìṣúná ọdọọdún rẹ́, ó sì fi ìpinnu lórí owó yíyá lé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ ní báńkì náà pé ibi tí ojú lè ríran dé láti orí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ni ààlà òwò ẹ̀ka kan. Ẹni tó ń pinnu mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lójú, kò sì sí pé ó ń rìn jìnnà kó tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìkọ́ kò lè mú orí àpáta. Ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ omi Swídìn, ìjà ló kó o jọ, kì í ṣe ìwà tútù. Ní 1906, àwọn agbanisíṣẹ́ gbà pé òṣìṣẹ́ lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì gbà pé agbanisíṣẹ́ nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti darí iṣẹ́ kí ó sì pín in. Ìyẹn kò pa iná náà: ní oṣù karùn-ún 1931, sójà yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́de nígbà ìyanṣẹ́lódì ní Ådalen, ènìyàn márùn-ún sì kú. Ọdún 1938 ni àjọ àwọn agbanisíṣẹ́ àti àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, LO, tó buwọ́ lu àdéhùn ní Saltsjöbaden lórí bí wọn yóò ṣe máa jíròrò kí wọ́n tó jà. Nígbà tó di 1977, òfin ìjùmọ̀pinnu tí wọ́n ń pè ní MBL bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àga ìgbìmọ̀ olùdarí sì ṣí sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ pẹ̀lú: ní ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó 25 tí ó sì ní àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́, wọ́n lè yan ẹni méjì síbẹ̀.

Ohun tí MBL sọ yẹ ní kíkà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àṣìlóye máa ń pọ̀ sí. Kí agbanisíṣẹ́ tó pinnu lórí ìyípadà pàtàkì, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pe ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ní àdéhùn sí ìjíròrò. Kò gbọdọ̀ dúró kí ẹgbẹ́ gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹgbẹ́ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè fún ìjíròrò kejì pẹ̀lú olú ẹgbẹ́. Bí ìyẹn náà bá parí láìsí ìfohùnṣọ̀kan, agbanisíṣẹ́ ni yóò pinnu bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá fo ìjíròrò náà ni yóò san owó ìtanràn fún ẹgbẹ́. Òfin yìí kò fún òṣìṣẹ́ ní agbára láti dá ọwọ́ ọ̀gá dúró nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ó kàn sọ ìyára di ohun tó wọ́n. Lójú ẹni tó kọ àlàyé yìí, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, nítorí pé ìbéèrè fóòmàn lórí ẹ̀rọ nínù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nídìí kọfí, ṣùgbọ́n ì bá ná wọn ní owó ńlá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Ẹni tí kì í jókòó nídìí kọfí kò sí nínú ìpinnu, àwọn tó sì sábà máa ń wà lẹ́yìn ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tí èdè Swídìn kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé. Àṣẹ náà máa ń fara pamọ́: bí ọ̀gá bá ní "ó lè dára bí a bá wo èyí", iṣẹ́ ló fi ránni yẹn, àjèjì tó bá rò pé àbá lásán ni yóò sì jẹ̀bi láìmọ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ mìíràn tó ń ṣe àfarawé máa ń wó ògiri ọ́fíìsì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kọfí olówó gọbọi sí àárín gbọ̀ngàn, wọ́n á sì ní kí gbogbo ènìyàn máa fi orúkọ pe ọ̀gá. Ohun tí wọ́n kì í mú ni ìwé àkọsílẹ̀ ìjíròrò, tí wọ́n ń kọ sínú rẹ̀ pé ẹgbẹ́ kò gbà, tí ọ̀gá àti aṣojú ẹgbẹ́ jọ ń buwọ́ lù, tí iṣẹ́ òru yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe pinnu.