Bí wọ́n ṣe ń kọ̀ jálẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ìgboro

Ẹni tó fi ìwé nìkan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ "No", ó sì mọ "No, thank you". Tó bá dé Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston, etí rẹ̀ á gbọ́ oríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀jálẹ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn, èyí ò sì lè dúró fún ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀: ṣé ẹ̀bẹ̀ ni, ṣé ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín ni, àbí ohun tí ẹlòmíì ń gbèrò láti ṣe?

"No way" ló gbòde jù. Ó lè dá dúró, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Tó bá ṣíwájú, "am" gbọ́dọ̀ ṣáájú "I": "No way am I paying that." Bí èyí bá ń dí yín lẹ́nu, ẹ bá ẹ̀yìn yọ: "There's no way I'm paying that." Ṣùgbọ́n "No way!" yìí kan náà ni wọ́n fi ń yanu. Ẹ sọ fún ará Amẹ́ríkà pé ẹ bí ìbejì, ó lè pariwo "No way!" Kò kọ̀ o, "Irọ́ o!" tiwa ló sọ yẹn. Ohùn lẹ máa fi mọ̀ ọ́n: ti ìyanu máa ń fà, ti ìkọ̀ máa ń gé kúrú, ohùn á sì wálẹ̀.

"Over my dead body" wà fún dídínà ohun tí ẹlòmíì fẹ́ ṣe. Àbúrò fẹ́ ta ilé bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n fàáké kọ́rí pé ó dìgbà tóun bá kú. Ẹni tí wọ́n bù fún tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí wọ́n bá fi lọni, "Hard pass" làwọn ọ̀dọ́ ń sọ sí i, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ lójú ẹni tó se ọbẹ̀.

"Fat chance" máa ń tan àlejò, torí ó jọ pé àǹfààní ńlá ni. Yẹ̀yẹ́ ni. Ìrètí ló ń dá lóhùn: "Will he pay me back?" "Fat chance." Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ gbàgbé owó yẹn.

"Not on your life" le, kò sì ní èébú nínú. Àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì ní "Not on your nelly", àwàdà ìgboro Lọ́ńdọ̀n. "Nelly" jẹ́ ìgékúrú "Nellie Duff", orúkọ tí wọ́n fi rọ́pò "puff" torí ó bá a dún pọ̀. "Puff" ni èémí, èémí sì ni ẹ̀mí, ìyẹn "life"; ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì.

Ti "bloody", ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ kan, gba ìṣọ́ra. Nígbà tí Eliza inú eré Pygmalion ti Bernard Shaw sọ "Not bloody likely" lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀n ní 1914, ariwo ta. Lónìí kò bani lẹ́rù mọ́, síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá a ń sọ fún ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí "Hell no" kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọ́fíìsì ìlú Ọba, èyí tó le jù lọ máa ń rọ̀ lẹ́nu: "I'm afraid that won't be possible." Ẹ̀rù kankan ò ba ẹni tó sọ ọ́. Ó ti kọ̀ pátápátá. Ẹ má padà lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la.