Ẹ̀gbá Ló Kọ́ Yorùbá Bí Wọ́n Ṣe Ń Jókòó Gbọ́ Orin

Ó máa ń ká mi lára tí àwọn ọmọ ìwòyí bá ní kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó pa tẹlifíṣọ̀n, kó gbé fóònù jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa gbọ́ orin láì ṣe nǹkan míì, pé nǹkan tuntun ni, òyìnbó ló dá a sílẹ̀, àwa Yorùbá ijó nìkan la mọ̀. Irọ́ ni o. Àṣà yẹn ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́, ìlú tó sì ti fìdí múlẹ̀ jù ni Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò bá gbà, kó ṣáà kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan sọ́tọ̀ o. Àwọn ìyá aládìrẹ n'Ítòkú, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ aṣọ ni rédíò ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, a ò ka ìyẹn sí. Ijó náà, a ò kà á sí, ẹsẹ̀ lẹni tó ń jó fi ń gbọ́ tiẹ̀. Èyí tí mò ń sọ ni kí bàbá kan na ẹsẹ̀ sórí ẹní, kó dákẹ́, kó jẹ́ etí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, òun ni wọ́n ṣe ní bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jó wà lọ́tọ̀, ẹni tó mọ ohun tí ìlù wí wà lọ́tọ̀. Ẹnì kan á ní Ọ̀yọ́ ló ni ògìdìgbó. Mo gbọ́. Lísàbí gbà wá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, kò ní ká dá òwe padà fún wọn.

Ó yá, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1830 ni àwọn bàbá wa dé abẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn, ogun ló tú wọn ká kúrò ní abúlé wọn àtijọ́. Ẹ wá wò ó lójú inú yín: èèyàn kún inú ihò àpáta, àwọn ìyá pọn ọmọ, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà tí ọ̀tá máa gbà yọ, òru sì ti jìn. Kí lẹ rò pé wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń jó ni? Etí ni wọ́n dẹ̀ sílẹ̀! Lójú tèmi o, ibẹ̀ gan-an ni Ẹ̀gbá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ gbọ́ nǹkan, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, kó tó mọ̀ ọ́n sọ ló ti mọ̀ ọ́n gbọ́. Kò sì parí síbẹ̀. Dàhòmì gbógun wá bá wa ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864, ẹni tó bá ń ṣọ́ odi ìlú lóru, tó bá gbọ́ ìlù lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ti ilé ni àbí ti ọ̀tá, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wí, nítorí ìlù tiwa ọ̀rọ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ariwo lásán. Ìlú tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu irú ẹ̀, tí ogun bá wá rọlẹ̀, ṣé etí wọn á kàn di etí ijó ni? Àbúrò mi kan tó ka ìtàn ní yunifásítì ní àròsọ ni mò ń sọ. Mo ní kó mú tiẹ̀ wá, títí di òní kò tíì mú un wá.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni sákárà, ibi tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ dúró bá mi nìyẹn. Orin àwọn mùsùlùmí ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, wàásí sì wà nínú ẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ wàásí, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á jókòó, ẹnikẹ́ni ò ní dìde máa sánwọ́ sánsẹ̀ nígbà tí Alfa ń sọ̀rọ̀. Abíbù Olúwa tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ sákárà jáde, Oníwàásí ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rí wo lẹ tún fẹ́? Àwọn mùsùlùmí sì ti ní òfin fún gbígbọ́ orin tipẹ́tipẹ́, Imam Ghazali, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn Islam tó kú ní 1111, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá ń gbọ́ orin ìyìn Ọlọ́run, kó tẹrí ba, kó má wo ọ̀tún wo òsì, kó má pàtẹ́wọ́ kiri. Bí àwọn bàbá mi ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ń gbọ́ sákárà nìyẹn gẹ́lẹ́.

Òótọ́ ni pé Èkó ni Abíbù Olúwa gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀, tó wá gbé sákárà dé ibi tó ga jù, Yusuf Olátúnjí ni, Bàbá l'Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta ló fi ṣe ilé títí ó fi kú ní 1978. Ẹ tún wo irinṣẹ́ wọn. Ìlù sákárà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ara ẹ̀ róbótó bí òrùka ńlá, wọ́n sun ún níná, wọ́n wá fi awọ bò ó lójú kan. Igbá tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ọmọ ìka tó wọ òrùka ni wọ́n fi ń lù ú. Gòjé, tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá, okùn kan péré ló ní, irun ẹṣin ni, òun ló sì ń tẹ̀ lé ohùn akọrin kiri bí òjìji, ibi tí ohùn bá yà sí, ibẹ̀ ló ń yà sí. Tó o bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tàbí tó ò ń jẹun, ibi tí gòjé ti yà kúrò lára ohùn máa fò ọ́ kọjá, ibẹ̀ sì ni adùn ẹ̀ wà. Orin náà kì í sáré. Ó ń ki èèyàn, ó ń gbani nímọ̀ràn, ó ń ṣàdúrà, ẹni tí wọ́n bá ń ki baba ńlá ẹ̀, ṣé ó lè máa wo ibòmíì ni?

Àwọn kan á ní Àyìnlá Ọmọwúrà ńkọ́, òun tó jẹ́ ọmọ Ìtòkò l'Abẹ́òkúta, èèyàn ń jó sí àpàlà tiẹ̀. Wọ́n ń jó o, àmọ́ Àyìnlá ń bú èèyàn lórin, ó ń ròyìn ìlú, kí ó tó kú ní oṣù karùn-ún 1980, tó bá gbé àwo tuntun jáde, àwọn tó jókòó tì í láti mọ ẹni tó ń bú ò kéré.

Ó ku àwọn tó ń bá wa du oyè. Àwọn Ìjẹ̀bú á ní Haruna Ishola, akọrin àpàlà tiwọn, ni, torí ìjókòó ló fi ń kọrin. Akọrin ló jókòó, mi ò sọ̀rọ̀ akọrin, àwọn tó ń gbọ́ ọ ni mò ń wí. Àwọn òyìnbó náà, nílé opera wọn, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń ta káàdì, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ní 1876 tí Wagner, òyìnbó tó ń kọ opera, ṣí ilé orin tiẹ̀ ní Bayreuth ní Jámánì, ṣe ló mú kí inú ilé náà ṣókùnkùn káwọn èèyàn lè gbájú mọ́ orí ìtàgé. Ìlú tiwa ti pé ọdún 46 nígbà yẹn, ta ló wá kọ́ ta? Àwọn Japan ní ilé kọfí tí wọ́n ti ń gbọ́ jáàsì láì sọ̀rọ̀, láti bí ìparí àwọn ọdún 1920 ni, àwo òkèèrè wọ́n gógó nígbà yẹn, èèyàn ò lágbára láti rà á sílé. Mi ò bá wọn jà, wọn ò pera wọn ní ẹni àkọ́kọ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní látìgbà tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti dé ni a ti ń jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ hymn pọ̀, ṣé gbígbọ́ lẹ̀ ń gbọ́ yẹn? Àwọn tó bá sì ní giramafóònù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ ò bọ́ lọ́wọ́ mi náà, torí Rẹ́fúrẹ́ńdì J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, bàbá bàbá Fela, ló lọ ká orin 43 sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1922, orin ìsìn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ sọ ẹni tó jó o fún mi.

Àwo àtijọ́ yẹn ò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, ìyẹn ò tó sákárà láti kí ara ilé, àfi ìgbà tí LP, àwo ńlá tó máa ń pẹ́, jáde ní 1948 tí ojú kan lè gba ogún ìṣẹ́jú. Fela náà lo àyè yẹn dáadáa, orin ẹyọ kan lè gba ojú kan àwo. Lẹ́yìn ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì dé, Walkman, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kiri, dé ní 1979, fóònù dé, íápíìsì dé, orin wá ń tẹ̀ lé èèyàn lọ sí ọjà, lọ sí ilé ìwẹ̀, kò pọn dandan ká jókòó mọ́.

Tí ará Ìjẹ̀bú kan bá ní àtakò, kó kọ tiẹ̀, a ó jókòó kà á.